Àgbélébùú Ìda Nílé Soazig

"Ìwọ tó o dúró bí ère yẹn, ṣé o ò lọ́wọ́ ni? Gbá okùn mú!"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Rozenn Malgorn bá ọkùnrin tó máa fẹ́ sọ nìyẹn, kò sì tíì tọrọ àforíjì lórí rẹ̀ títí dòní. Ìtọ́kọ̀ rẹ̀ ló kán níbi tó ti ń ṣe ìdánrawò fún eré ìje, afẹ́fẹ́ sì gbá ọkọ̀ onígbòkun rẹ̀ kékeré wọ èbúté Lampaul ní erékùṣù Ouessant bí ìgbà tí wọ́n bá ń lé ewúrẹ́ wọ ọgbà. Ọkùnrin tó wà lórí èbúté náà funfun látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyẹ̀fun ni. Goulven lorúkọ rẹ̀, òun ló ń ṣe búrẹ́dì fún gbogbo erékùṣù náà. Ó ju apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì tó gbé dání sílẹ̀, ó gbá okùn mú, ó wá dúró tì í.

"So ó mọ́ òpó!"

"Mi ò mọ okùn so."

Rozenn rò pé etí òun ló ń ṣe òun bẹ́ẹ̀. "Ṣé ọmọ Ouessant kọ́ ni ẹ́ ni?"

"Níbí ni wọ́n bí mi sí."

"Ọmọ Ouessant, kò mọ okùn so! Kí ni wọ́n wá ń kọ́ yín nílé yín?"

"Búrẹ́dì," ni Goulven wí. Ó fi okùn náà yí ìbàdí ara rẹ̀ ká, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti òpó, ọkọ̀ sì dúró. Rozenn rẹ́rìn-ín débi pé díẹ̀ ló kù kó ṣubú sómi. Àmọ́ nígbà tó sọ̀kalẹ̀ wá tú u sílẹ̀, ó rí i pé okùn ti bó ọkùnrin náà lọ́wọ́, kò sì ké.

"Ìyá mi ni kò jẹ́ kí n sún mọ́ okùn rí," ni Goulven ṣàlàyé, bó ti ń ṣa búrẹ́dì rẹ̀ nílẹ̀. "Bàbá mi lọ pẹja, kò padà wá."

Rozenn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. Ó bá a ṣa búrẹ́dì.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí ààrò Goulven bá ti sinmi, inú ọkọ̀ èrò lẹ ó ti rí i, ó ń lọ sí Concarneau níbi tí Rozenn ń gbé. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni Rozenn kọ́kọ́ ń fọ̀ níbẹ̀ kó tó ní tirẹ̀. Ó ti wá wà lára àwọn tí wọ́n máa dá òkun ńlá kọjá nínú eré ìje, ẹnì kan nínú ọkọ̀ kan, kò sí ẹnìkejì. Àwọn ọkùnrin èbúté máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ wo ọmọge tó fẹ́ jókòó sínú agbada la òkun já." Rozenn á ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yìn mi lẹ máa wò dé ọ̀hún."

Goulven kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Á jókòó tì í, á máa gbé irinṣẹ́ fún un, èyí tí kò tọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, ó bọ́ sínú ọkọ̀ tayọ̀tayọ̀, ó ṣí ìdérí abọ́. "Wo ohun tí mo yan fún ẹ. Ehoro—"

"Jáde!"

"Kí ni mo ṣe?"

"Jáde nínú ọkọ̀ mi! O dárúkọ ẹ̀!"

Bí ẹ bá fẹ́ kí atukọ̀ ilẹ̀ wọn lé yín, ẹ dárúkọ ẹranko elétí gígùn yẹn nínú ọkọ̀ rẹ̀; wọ́n ní ó ń ri ọkọ̀. Rozenn tí kò bẹ̀rù ìgbì kò jẹ́ fi ìyẹn ṣeré. Ó lé Goulven sórí ilẹ̀ tòun ti abọ́ rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì sì jẹ ehoro náà tán lórí èbúté.

"Kí lo máa ń rò lójú omi, ìwọ nìkan?" ni Goulven bi í.

"Ìwọ ni. Mo máa ń rò ẹ́, màá wá máa bú ẹ, torí o ò jẹ́ kí n gbájú mọ́ afẹ́fẹ́." Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ló mójú kúrò. Ó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, ìyẹn sì ń bà á lẹ́rù ju òkun lọ.

Ọjọ́ pé tí Goulven mú un lọ rí ìyá rẹ̀. Soazig ti se ẹran àgùntàn bí wọ́n ti ń sè é níbẹ̀, ó fi ògúlùtu ilẹ̀ tó ní koríko bo ìkòkò, iná ń jẹ lábẹ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti àárọ̀.

"Ẹran yìí dùn, Mà."

"Ó yẹ kó dùn. Ẹni tó ń jókòó sílé ló sè é." Soazig gbé ṣíbí sílẹ̀. "Wọ́n ní o fẹ́ dá òkun kọjá. Kí lo gbàgbé síbẹ̀?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan, Mà. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ni."

"Bàbá Goulven náà fẹ́ràn ẹ̀." Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì jẹ́jẹ́. "Ní erékùṣù yìí, ọkùnrin ló ń lọ sókun, obìnrin ló ń dúró lórí àpáta tó ń wọ̀nà. Mo dúró títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Wọn ò gbé òkú kankan wá fún mi. Ìda ni mo sin! Mo fọwọ́ mọ àgbélébùú ìda àbẹ́là tí kò tó ìka mi, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe fún ẹni tí òkun bá gbé mì. Orí tábìlì yìí gan-an la gbé e sí, a ṣe àìsùn rẹ̀ bí òkú, àlùfáà wá gbé e lọ. Mo wá wo ọmọ mi, mo ní èyí ò ní lọ. Kò sì lọ. Ìwọ wá fẹ́ kó máa dúró lórí àpáta bíi tèmi?"

"Mà, ẹ jẹ́ kí òun náà sọ tiẹ̀."

Àwọn obìnrin méjèèjì yíjú sí Goulven. Goulven ń wo ẹran inú àwo rẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí ẹran náà bá òun dáhùn.

"Fi ọkọ̀ yẹn sílẹ̀," ni Soazig wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, "màá fi ọwọ́ ara mi tẹ́ ibùsùn yín."

"Mi ò ní fi ọkọ̀ sílẹ̀, Mà. Mi ò sì ní fi Goulven sílẹ̀. Méjèèjì ni mo fẹ́."

"Ojúkòkòrò!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Mo ní in."

"Jẹun tán kó o máa lọ. O ò ní di ọmọ ilé yìí láéláé. Gbọ́ mi dáadáa o. Láéláé."

Ìta ni Rozenn ti dojú kọ Goulven. "Ahọ́n ẹ dà? Àbí o gbé e mì pẹ̀lú ẹran?"

"Èmi nìkan ló kù fún un, Rozenn."

"Èmi ńkọ́? Ta ló kù fún mi?"

Rozenn wọ ọkọ̀ èrò padà, inú sì ń bí i débi pé ó sunkún lójú gbogbo èrò. Nígbà tí omijé gbẹ, iyèméjì dé. Àbí ìyá yìí ló tọ́? Irú ìyàwó wo ni yóò fi ọkọ sílé lọ máa bá ìgbì jìjàkadì? Ó gbìyànjú láti fojú inú wo ara rẹ̀ nídìí ààrò búrẹ́dì, láàárọ̀, lálẹ́, títí ọjọ́ ikú. Kò tíì rò ó dópin tó fi dìde lọ gba afẹ́fẹ́ níta.

Ẹni tó kó ẹjọ́ náà lọ bá ni Bàbá Fañch, arúgbó tó ń rán ìgbòkun rẹ̀. Fañch gbọ́ ọ tán láìgbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ìyá tó bí ìyá ẹ, ṣebí ọmọ Ouessant ni?"

"Òun ni."

"Ta ló tọrọ ta, òun àti bàbá àgbà ẹ?"

Rozenn rẹ́rìn-ín. Ìtàn yẹn, wọ́n ti fi bọ́ ọ yó. Lójú ayé ìyá àgbà rẹ̀, àwọn ọkùnrin kì í gbélé, nítorí náà obìnrin ló ń lọ tọrọ ọkọ. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín gbẹ lọ sílé bàbá àgbà, ó gé e, ó nà án sí i. Ká ní bàbá àgbà kọ̀ ọ́ ni, ìyá àgbà ì bá gbé ẹran rẹ̀ padà sílé. Àmọ́ ó jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ sì parí.

"Tóò," ni Fañch wí. "Láyé àtijọ́, aránṣọ ni alárinà nílẹ̀ wa. Ẹ̀ka igi olódòdó aláwọ̀ ìyeyè ló máa ń mú lọ́wọ́, kí wọ́n lè mọ ohun tó bá wá. Èmi náà, aránṣọ ni mí. Lóòótọ́ ọkọ̀ ni mò ń ránṣọ fún, aṣọ náà ṣáà ni. Fún mi lẹ́ran."

Ó lọ. Nígbà tó dé, ẹ̀ka ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti rọ.

"Ìyá Goulven rí ẹ̀ka, kò ní kí n jókòó. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń yáná."

Ẹni tí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wọn kì í béèrè èsì mọ́. Rozenn mí kanlẹ̀. "Ẹran ńkọ́?"

"Mo jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ èrò. Ṣé kó wá bàjẹ́ ni?"

"Háà! Bàbá Fañch, ẹ̀yin lẹ wá di ọkọ mi nìyẹn."

"Pa ẹnu mọ́, kí ìyàwó mi má gbọ́."

Ọjọ́ ìje kò dúró de ẹnikẹ́ni. Òfin irú eré ìje yẹn le. Kò sí fóònù, kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò gba atukọ̀ nímọ̀ràn. Rédíò kan ló wà tí yóò máa fi gbọ́ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, àti ẹ̀rọ kékeré kan tí ń fi àmì pupa hàn lórí kọ̀ǹpútà, kí àwọn tó wà nílé lè mọ ibi tó dé.

Goulven wá sí èbúté pẹ̀lú àpò búrẹ́dì tó sá gbẹ fún un. Kò sọ pé kó má lọ. Ó tẹ̀ ba, ó tú okùn ọkọ̀ náà kúrò lára òpó, ó ká a dáadáa, ó sì so ó ní ìdè tí ojúlówó atukọ̀ ń so, ó jù ú sí i.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Mo fi okùn àpò ìyẹ̀fun kọ́ ara mi." Ó ti ọkọ̀ náà kúrò létí èbúté. "Tó o bá padà dé, màá jẹ ẹran yẹn. Lójú ìyá mi ni màá ti jẹ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Rozenn gbé lọ sórí òkun. Ó sáré dáadáa, ó wà lára àwọn tó ṣíwájú, àwọn tó pè é ní ọmọge inú agbada ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjì dé. Ìgbì kan gbé ọkọ̀ náà dà sí ẹ̀gbẹ́, nígbà tó sì tún dìde, òpó ìgbòkun rẹ̀ ti kán ní àárín. Omi wọ inú bátìrì. Rédíò kú, ẹ̀rọ alámì pupa náà kú.

Bọ́tìnnì ìpè ìrànlọ́wọ́ ṣì wà lápò rẹ̀, ó ní bátìrì tirẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ ńlá kan yóò yà wá gbé e, wọn yóò sì fi ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ fún òkun. Soazig yóò ní, "Mo wí i." Rozenn mú bọ́tìnnì náà dání, ó fi àtàǹpàkò kan ìdérí rẹ̀. Ó rántí Goulven tí yóò máa wo kọ̀ǹpútà, tí kò ní rí nǹkan kan.

"Ẹni tó ń kú ni wọ́n ṣe é fún," ló sọ sókè. "Ọkọ̀ mi ò jò. Mo ní omi, mo ní búrẹ́dì. Èmi kọ́ ló ń kú."

Ó bú òkun, ó bú Soazig, ó bú ara rẹ̀, ó sì dá bọ́tìnnì padà sápò. Àwọn kan ń pe ìyẹn ní ìgboyà. Àárín ìgboyà àti oríkunkun kò fẹ̀ tó ohun tí ẹsẹ̀ méjì lè dúró sí, ibẹ̀ gan-an ni Rozenn kọ́lé sí. Ó gé ìgbòkun tó ya, ó fi ọwọ́ rán an kó lè bá ìdajì òpó mu, ó sì ń wọ́ lọ. Òjò pa á, oòrùn sun ún, ìka rẹ̀ wú. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi rí òkè erékùṣù Guadeloupe, níbi tí ìje ti ń parí, lókèèrè.

Òru ló gúnlẹ̀. Apẹja kan tó rí i ṣe àmì àgbélébùú sí àyà kó tó yá a ní fóònù.

"Búrẹ́dì ò tíì jinná," ni Goulven wí lọ́hùn-ún, ó rò pé oníbàárà ló pè.

"Ṣé kí n máa bọ̀ lọ́la ni?"

Nǹkan kan wó lulẹ̀ gbì.

"Rozenn?"

"Èmi ni, olólùfẹ́ mi."

"Bọ́tìnnì yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀n?"

"Bọ́tìnnì! Ṣé ó bọ́ sómi ni?"

"Kò bọ́."

"O ò sì tẹ̀ ẹ́."

"Mi ò kú, Goulven."

"Èmi ńkọ́?" Ọkùnrin tí kò pariwo rí láyé rẹ̀ wá ń pariwo. "Ọkọ̀ òfuurufú wá ẹ, wọn ò rí ẹ! Ìyá mi ti mọ àgbélébùú ẹ! Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun, wọ́n tan àbẹ́là, àwọn ìyá àdúgbò ṣe àìsùn ẹ. Òní ni àlùfáà ń bọ̀ wá gbé e. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Mo ní mi ò kúnlẹ̀, mo ní ìyàwó mi ò kú. Mo pè ẹ́ níyàwó mi lójú gbogbo wọn! Ìwọ wá wà níbẹ̀, bọ́tìnnì wà lápò ẹ!"

Rozenn tí ìjì kò mú sunkún bú sẹ́kún. "Jọ̀ọ́. Mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo jẹ̀bi, jọ̀ọ́." Ó sunkún títí, Goulven náà ń sunkún lọ́hùn-ún. Lójijì ni nǹkan sọ sí i lọ́kàn.

"Goulven, tábìlì wo ni wọ́n gbé e sí?"

"Tábìlì wo ló tún kù? Tábìlì wa ni."

"Tábìlì ìyá ẹ. Nílé ìyá ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló dé?"

Rozenn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ẹ̀rín ti ń yọ lábẹ́ ẹkún. "Sọ fún Bàbá Fañch kó lọ wá ẹ̀ka tuntun."

Nígbà tó padà dé Ouessant, kò yà sí ibì kankan. Ó gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ sápá, Fañch tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀ka olódòdó lọ́wọ́ kan, ìgbòkun tí Rozenn fọwọ́ rán lójú òkun sì wà léjìká rẹ̀. Láti inú ọkọ̀ èrò ni arúgbó náà ti ń ráhùn lórí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà. "Ìwọ lo rán èyí, àbí adìyẹ ló tẹ̀ ẹ́ kọjá?"

Soazig rí ẹ̀ka lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ̀rọ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó na ọwọ́ sí iná.

"Ẹ máa yáná yín, Mà," ni Rozenn wí. "Èmi, nǹkan mi ni mo wá gbà."

"Nǹkan rẹ kankan ò sí níbí."

"Ó wà. Òkú mi ni."

Ẹ̀yìn Soazig le gbagidi. Goulven ti wọlé pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Ó rìn kọjá lára ìyá rẹ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé àgbélébùú ìda kékeré náà sórí tábìlì.

"Mo fẹ́ yọ́ ọ dànù," ni Soazig wí sí iná.

"Ẹ ò sì yọ́ ọ. Mà, ìbéèrè kan péré. Nílé ta ni wọ́n ti ń ṣe àìsùn ìda ní erékùṣù yìí?"

"Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn," ni Fañch wí.

"Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ panu dé!"

"Nílé olóògbé ni," ni Rozenn dá ara rẹ̀ lóhùn. "Wọn kì í ṣe é nílé onílé. Ìyá àgbà mi sọ fún mi, ẹ̀yin gan-an sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ ní mi ò ní di ọmọ ilé yìí láéláé. Ta wá lẹ ṣòkú ẹ̀ lórí tábìlì yín?"

Soazig yíjú padà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ará Concarneau làwọn òbí ẹ, wọn kì í ṣe àìsùn ìda níbẹ̀. Ṣé kí n fi ẹ́ sílẹ̀ kó o máa rìn káàkiri ojú omi bí ẹni tí ò nílé?"

"Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ ti fún mi nílé nìyẹn. Òkú ọmọ ilé ni mo jẹ́, mi ò wá lè jẹ́ àlejò nígbà tí mo wà láàyè."

Obìnrin náà jókòó gbì. "O mú mi," ló wí. "Ìwọ ọmọ burúkú yìí, o mú mi. Mo sunkún ẹ. Mo rò pé mo ti sun gbogbo ẹkún mi tán lórí ọkọ mi. Bọ́tìnnì lásánlàsàn!"

"Mo jẹ̀bi ìyẹn, Mà. Ìyẹn nìkan."

"Ṣé o tún máa lọ?"

Goulven ń wo Rozenn. Irọ́ kékeré kan ì bá tó nígbà yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ ì bá sì rọrùn.

"Màá gbé ẹ̀rọ alámì pupa méjì dání," ló wí. "Ẹ máa gbúròó mi. Àmọ́ màá lọ, Mà."

Soazig dìde. Ó mú àgbélébùú náà, ó yí i sọ́tùn-ún sósì lọ́wọ́, ó wá nà án sí Fañch.

"Wọ́n ní ìda dáa fún òwú."

"Omi kì í wọ òwú tó bá ti mu ìda, Ìyá Goulven."

"Ẹ tún aṣọ yẹn rán. Kò ní fi iṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ lọ sókun láti ilé mi."

Fañch fa òwú kọjá lára apá àgbélébùú náà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí ó fi ń jẹ wọ inú ìda. Soazig gbé ẹran sínú agbada, ó dín in, ó gbé àwo náà síwájú ọmọ rẹ̀. "Jẹ ẹ́ kó tó tutù."

Rozenn fa àwo náà mọ́ra. "Rárá, Mà. Èmi ni mò ń tọrọ ọkọ. Ọwọ́ mi ló ti máa gbà á."

"Ẹ wo ọ̀dájú!" ni Soazig kígbe, kò sì kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Rozenn fi ọ̀bẹ ọkọ̀ rẹ̀ gé ẹran náà, ó nà án sí Goulven lẹ́nu. Ó gbóná janjan. Goulven jẹ ẹ́ lójú ìyá rẹ̀, ó jó o lẹ́nu, kò sì ké.